Ìmúra fún Ìrìn-àjò Kẹ̀kẹ́ Yí Ọ̀sà Ká

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí léèrè ohun tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń wá lórí àwòrán ilẹ̀ ní yàrá ìkàwé ní alaalẹ́ láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn mi nìyí. A fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún nínú ìsinmi Kérésìmesì tí ń bọ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ ológeere yí ọ̀sà Èkó ká: kí a jáde ní Yàbá, kí a gba Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, kí a gba ìhà òkun padà wá sí Ajá àti Badóre, kí a sì fi ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Ìjẹ̀dẹ̀ kí a tó kọrí sílé. Gbogbo rẹ̀ ju 150 kìlómítà lọ. A kò tíì lọ. Ìmúra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí a ti rí kọ́ nínú rẹ̀ kò kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ wa kò tíì kan ọ̀nà.

Ìdí méjì ni a fi yan kẹ̀kẹ́. Èkíní ni owó. Láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti ga débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ yí ọ̀sà ká yóò ná owó oúnjẹ rẹ̀ tán sí ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ẹ̀bà tí ẹni tí ó gùn ún bá jẹ ni epo rẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ tí a ń kọ́. Olùkọ́ ni a fẹ́ jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ó sì kọ́ ni wọ́n ń gbé ẹ̀bá omi. Bí ọmọ kékeré kan ní Múṣin bá bi wá pé níbo ni omi kánáà ẹ̀yìnkùlé wọn ń sá lọ, ó dára kí a lè dá a lóhùn bí ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ fi èrò yìí sí wa lọ́kàn ni ìròyìn àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé odò àti omi tí ènìyàn gbẹ́, ní àkókò ìsinmi wọn. Ní ilẹ̀ Faransé omi gbígbẹ́ kan wà tí à ń pè ní Canal du Midi. Ní 1681 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ sì tó 240 kìlómítà láti ìlú Toulouse títí dé òkun. Ní ayé ìgbà náà, ẹṣin ni ń fi okùn fa ọkọ̀ lórí irú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọn kò lè gbẹ́ omi kí wọ́n má la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹṣin sí etí rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ẹṣin tán, ọ̀nà rẹ̀ kò parẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í gba ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ wọn fi lè máa rí omi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Àwa náà jókòó ti àwòrán ilẹ̀, a sì ń wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi wá a. Kánáà kò wọ́n wa ní Mainland yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba inú Múṣin àti Sùúrùlérè kọjá, nítorí kí wọ́n lè kó omi òjò lọ sí ọ̀sà ni a ṣe gbẹ́ wọn, kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Ẹṣin kò fa nǹkan kan létí wọn rí. Ògiri ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó fún mọ́ wọn ní ọ̀tún àti ní òsì, àyè tí ó sì kù, àwọn aláìbìkítà a máa da ilẹ̀ sí i. Ọ̀sà fúnra rẹ̀ gùn ju 50 kìlómítà lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 3 kìlómítà títí dé 13. Igi ẹ̀gbà àti irà ni ó yí etí rẹ̀ ká ní ibi púpọ̀. Àwọn tí ó la ọ̀nà ọkọ̀ sá fún irà, wọ́n sì gba orí ìyàngbẹ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà àti omi kì í bá ara wọn rìn.

Ọ̀rẹ́ mi ará Múṣin ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó là wá lójú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà tí ń bá omi rìn sílẹ̀. Ibi tí ọ̀nà àti omi ti ń pàdé ni kí a máa wá." Kí ni à ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ebúté? Orúkọ náà ti wà ní etí wa láti kékeré: Ebúté Mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ Yàbá, Ebúté Ìlàjẹ ní Bàrígà, Ebúté Èrò ní erékùṣù Èkó, Ebúté Ìpakodò ní Ìkòròdú. Àwọn baba wa kò tẹ̀lé etí omi. Wọ́n a ru ẹrù la igbó kọjá dé ebúté, wọ́n a kó o sínú ọkọ̀, wọ́n a sì sọ̀ ọ́ ní ebúté mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ omi ilẹ̀ wa, ebúté ni kí ó fi ka ọ̀nà rẹ̀, bí ọlọ́jà ti ń fi ọjọ́ ọjà ka oṣù. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni iṣẹ́ wa ti rọrùn.

Bí a ti pín in nìyí. Ní ọjọ́ kìíní, a ó kúrò ní Yàbá ní kùtùkùtù, a ó sì gba Ketu àti Mile 12 lọ sí Ìkòròdú, nǹkan bí 30 kìlómítà. Ọ̀nà yìí ni ó kúrú jù nínú ìrìn wa, òun náà ni ó sì léwu jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ipa ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ BRT, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Ó mọ́, ó sì ń fa ojú ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa, a kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn Mile 12 ni a ó rí èrè làálàá wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti gba orí àwọn omi tí Odò Ògùn fi ń wọ ọ̀sà, títí dé afárá Májìdùn. Láti ìhà Ṣakí ni odò yìí ti ń bọ̀, ó sì ti fi ẹsẹ̀ kan Abẹ́òkúta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, òun ni òpópó tí ọjà Ẹ̀gbá ń gbà dé Èkó.

Ní ọjọ́ kejì, a ó kọjá ní Ìmọ̀tà lọ sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n a ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún lọ wo Èjìnrìn ní etí ọ̀sà. Ìlú kékeré ni lónìí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè kọjá láìbojú wò ó. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn, ọjà ńlá ni ọjà Èjìnrìn. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú àti àwọn ará òkè ti ń bá àwọn ará Èkó pàdé, tí àwọn oníṣòwò sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó epo àti oúnjẹ lọ. Ogun kọ́ ni ó pa ọjà náà. Ọ̀nà mọ́tò ni. Nígbà tí ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí gba orí ilẹ̀ lọ, ebúté kò rí ẹrù gbà mọ́. A fẹ́ dúró ní ibẹ̀ fún wákàtí kan, kí a wo ohun tí ń kù sílẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá yí padà kúrò lẹ́nu ìlú ẹni.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ìsinmi wa ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ẹsẹ̀ yóò ti máa dunni. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú tí a ń fi ojú kan ṣoṣo wò. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Nítorí náà ni a fi ń gbọ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ nínú ìlú kan ṣoṣo. Ní 1892 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lọ bá Ìjẹ̀bú jà, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ọba tí ó ń sá lọ àti ogun tí ó ń bọ̀, ebúté kan náà ni wọ́n lò. A ó lọ sí ọjà ẹja wọn ní òwúrọ̀, a ó sì fi ọ̀sán tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin, a ó kọjá sí ìhà òkun, a ó sì gun nǹkan bí 50 kìlómítà wá sí Ajá, kí a tó yà sí Badóre lọ sùn. Ọ̀nà yìí fẹ̀, ó sì tẹ́jú, ṣùgbọ́n láti 2023 tí ibùdókọ̀ òkun ńlá ti Lekki ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote sì wà ní tòsí rẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá àti ọkọ̀ agbépo pọ̀ ní ìhà ibẹ̀. A ti pinnu pé aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni a ó gbéra, bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú bá wa lọ́nà, ibi tí ó bá wù kí a dé ni a ó dúró sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, a ó gbé kẹ̀kẹ́ wa sínú ọkọ̀ ní Badóre, a ó sọdá ọ̀sà sí Ìjẹ̀dẹ̀, a ó sì gba Ìkòròdú padà sílé.

Ibi ìsọdá yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le, mo sì ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi ń ta ẹja ní Ọ̀yìngbò. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Màkókò ni ó ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀, omi yìí ni ó sì fi tọ́ mi títí mo fi dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kan kí wọ́n tó bí mi, kò sì padà wálé. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin tí ìyá mi ní. Nígbà tí mo sọ èrò wa fún un, kò bínú, kò sì kígbe. Ó palẹ̀ ẹja tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́ tán, ó wá sọ pé, "Wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rẹ́ pẹ̀lú."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Bí ẹ kò bá fẹ́, a kò ní lọ." Òtítọ́ ni mo sì sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti gbà pẹ̀lú mi tẹ́lẹ̀ pé ìrìn-àjò tí òbí kan kò bá lè sùn nítorí rẹ̀, kì í ṣe ìsinmi.

Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, "Aago mélòó ni ẹ fẹ́ sọdá?" Ìbéèrè yẹn ni ó fi yí ohun gbogbo padà, nítorí pé kò sí nínú ìwé kankan tí a kà. Ó kọ́ wa pé ní àkókò ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ojú ọ̀sà ní ìdájí, débi pé atukọ̀ kì í rí iwájú. Àti pé bí ọ̀sán bá pọ́n, afẹ́fẹ́ a ti òkun dìde, ìgbì a sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá ọkọ̀. Àárín méjèèjì ni àkókò tí ó dára: nígbà tí oòrùn ti ká kùrukùru, tí afẹ́fẹ́ kò sì tíì jí. Ó fi í sí láàrin aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí a bá pàdánù rẹ̀, kí a sùn sí Badóre títí di ọjọ́ kejì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àwa ní àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọgbọ̀n ọdún létí omi.

Nítorí náà ni a fi ọjọ́ kan kún owó oúnjẹ wa, fún ìdúró tí ó ṣeé ṣe náà. Ìyá mi tún fi ohun méjì mìíràn lélẹ̀. Èkíní, kí olúkúlùkù wa wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó lórí omi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan inú ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti ṣí. Òfin ìpínlẹ̀ náà béèrè bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tí kò bá ní in tàbí tí ó bá kún jù. Èkejì, kí ọ̀rẹ́ wa ará Sùúrùlérè kọ́ ìwẹ̀ omi kí ó tó di Kérésìmesì, nítorí pé òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lè léfòó báyìí.

Ẹ ó rí i pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a yàn, kì í ṣe ìsinmi gígùn ti àárín ọdún. Òjò nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Ní 1983 ni a ṣí ìdídò Ọ̀yán, lórí odò tí ń wọ Odò Ògùn. Bí òjò bá pọ̀, àwọn alábòójútó a ní láti tú omi sílẹ̀ kí ìdídò má baà ya. Ní oṣù September àti October, omi bẹ́ẹ̀ a máa kún bo ilé ní ìhà Ìṣẹri, Agbóyì àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú. Ní àkókò kan náà, koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó wọ inú omi wa ní 1984 a máa tẹ́ lórí ọ̀sà bí ẹní, a sì máa di ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi iyọ̀ a ti òkun wọlé, a sì pa á. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ yìí kan náà ni ọ̀tá ṣéènì kẹ̀kẹ́, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe bí a bá gúnlẹ̀ sí Ìjẹ̀dẹ̀ ni kí a nu irin kẹ̀kẹ́ wa, kí a sì kùn ún ní òróró.

Ó ku ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ará Múṣin ni ti bàbá rẹ̀, irin rẹ̀ wúwo, kò sì ní jíà. Ní Sátidé mẹ́ta a di ẹrù wa lé kẹ̀kẹ́, a sì gùn láti Yàbá dé Ebúté Ìlàjẹ, a sì tún padà, kí a lè mọ bí a ó ṣe yá tó. A rí i pé òun kì í lè ju kìlómítà mẹ́wàá lọ ní wákàtí kan bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ìṣirò tirẹ̀ ni a lò fún gbogbo wa: láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ yóò gbà wá ní wákàtí mẹ́fà, láìka ìsinmi. Òun ni yóò sì máa lọ níwájú. Bí ẹni tí ó yára bá wà níwájú, ẹ̀gbẹ́ a tú ká. Bí ẹni tí ó lọ́ra bá wà níwájú, gbogbo ẹ̀gbẹ́ a dé ibùsọ̀ papọ̀. Mo rò pé òfin yìí yóò wúlò fún wa nínú kíláàsì pẹ̀lú.

Ẹrù wa kò pọ̀: aṣọ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, akoto fún orí, iná iwájú àti iná ẹ̀yìn, túùbù méjì, pọ́ǹpù, sípánà, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ túùbù, òróró, gàrì, kúlíkúlí, iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ fún omi mímu, àti ìwé kan tí a ó máa kọ ohun tí a bá rí sí. Máàpù wà nínú fóònù, ṣùgbọ́n a ti ya ọ̀kan sórí bébà pẹ̀lú, nítorí pé iná fóònù a máa tán, iná bébà kì í tán.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo yín ni ọ̀sà Èkó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Àgbádárìgì ní omi tí ó bá Àjàṣẹ́ pàdé, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Òṣogbo ní Ọ̀ṣun, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta ní Ògùn. Ẹ bi àwọn àgbà yín pé ebúté wo ni wọ́n ń lò kí mọ́tò tó dé, kí ẹ sì fi àmì sí i lórí bébà. Bí ẹ bá ti ní ebúté mẹ́ta, ẹ ti ní ìrìn-àjò.

Ní ti wa, ẹ̀dà ìwé ìrìn-àjò náà kan ti wà ní ìsọ̀ ìyá mi ní Ọ̀yìngbò, a fi ìṣó kàn án mọ́ pákó. Ìyá mi kò mọ ìwé kà, nítorí náà a ya ọkọ̀ kékeré sí iwájú ebúté kọ̀ọ̀kan, a sì ya oòrùn sí iwájú wákàtí tí a ó pè é láti ibẹ̀. Ó ti mọ gbogbo wọn lórí, ó sì ń kà wọ́n fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: Ìpakodò, Èjìnrìn, Ẹ̀pẹ́, Badóre, Ìjẹ̀dẹ̀.